Ìsọ̀ àwo orin kan ní Tàíwò, Ìlọrin: páálí kọ́ ni ẹ̀rí

Ẹni tó bá ń wá elépíì Odòlayé Àrẹ̀mú tàbí Àyìnlá Ọmọwúrà ní Ìlọrin, kó yà sí ìsọ̀ yìí. Ìtọ́jú àwo wọn dára púpọ̀: òró ni gbogbo rẹ̀ wà nínú ọ̀rá, òòrùn kò sì kàn án. Àwo tí wọ́n bá tò léra wọn nínú ooru ìlú wa, kì í pẹ́ lọ́.

Ohun tó ń bí wa nínú ni pé gbogbo àwo tí páálí rẹ̀ bá ti gbó ni wọ́n ń pè ní àkọ́tẹ̀, ìyẹn àwo tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ nígbà tí orin jáde, wọ́n á sì fi owó lé e. Páálí ṣeé pààrọ̀. Ẹ ní kí wọ́n yọ àwo náà síta, ẹ di etí rẹ̀ mú, kí ẹ dá tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i ní ẹ̀gbẹ́. Láàárín ibi tí orin parí sí àti bébà àárín, ibì kan wà tó ń dán. Nọ́ńbà wà níbẹ̀. Ó yẹ kó bá ti ara bébà mu. Bí 1 bá parí rẹ̀, gígé àkọ́kọ́ ni (ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gé orin náà sára àwo ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe mọ́ọ̀dù), ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó, torí wọ́n lè fi gígé kan náà tẹ àwo fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nítorí náà, ẹ ka bébà náà. Orin I.K. Dairo ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1969 tó bá wà lórí bébà Afrodisia (orúkọ tí ilé iṣẹ́ àwo kan ń lò), àtúntẹ̀ ni, torí orúkọ yẹn kò tíì sí nígbà náà. Ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í sì í ṣe ọdún tí wọ́n tẹ àwo: ọdún tí orin kọ́kọ́ jáde ni.

Fún àwo ilé iṣẹ́ EMI tí wọ́n tẹ̀ ní Ìlú Ọba, ẹ yí i kí nọ́ńbà wà nísàlẹ̀, kí ẹ wo apá ọ̀tún. Lẹ́tà ibẹ̀ ń sọ mọ́ọ̀dù (irin tí wọ́n fi ń tẹ àwo) ìkelòó ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́: G ni 1, R ni 2, A ni 3, M 4, O 5, P 6, H 7, L 8, T 9, D òdo. GR jẹ́ 12. Bí iye tí lẹ́tà náà dúró fún bá ṣe kéré tó ni àwo náà ṣe sún mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó. Àwọn ọmọ ìsọ̀ kò mọ èyí, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ẹ ṣọ́ra fún àwo tí wọ́n dà kọ láti ara àwo mìíràn. Yóò máa dán bíi tuntun, síbẹ̀ yóò máa dún bí epo àkàrà kí orin tó wọlé, fọ́tò páálí rẹ̀ á sì ṣú.

Wọ́n ní ẹ̀rọ tí ẹ lè fi dán an wò, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n nu abẹ́rẹ́ rẹ̀ ná. Ẹ gbọ́ orin tó kẹ́yìn lójú kọ̀ọ̀kan, torí apá inú ni abẹ́rẹ́ burúkú máa ń bà jẹ́ jù. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n máa ń ti ìsọ̀ títí wọ́n á fi kírun tán.