BBC Learning English: ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ bí a ṣe ń yin àgbà lédè Gẹ̀ẹ́sì

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu la sì fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá jà, ẹ óò rọ̀ ọ́ kó tó gbà láti dìde. Ẹni tí oúnjẹ ò wù, ẹ óò fi ọ̀rọ̀ tù ú nínú kó tó la ẹnu. Gírámà tí mo kà níléèwé kò kọ́ mi ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi dúró ti BBC Learning English.

Láti 1943 ni BBC ti ń kọ́ aráyé lédè Gẹ̀ẹ́sì lórí rédíò. Ní báyìí, ẹ lè gbọ́ ọ lórí fóònù, ọ̀fẹ́ sì ni. Ètò méjì ni mo máa ń gbọ́: 6 Minute English, tí èèyàn méjì ti ń tàkúrọ̀sọ, àti The English We Speak, tó máa ń tú gbólóhùn kan ṣoṣo palẹ̀. Wọ́n tún máa ń kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á, bí kò tiẹ̀ bá ohùn wọn mu lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ìbéèrè tó máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ 6 Minute English. Atọ́kùn kan á bi èkejì ní ìbéèrè, á ní kó mú ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́ta, wọn ò sì ní sọ èyí tó tọ̀nà títí ètò á fi fẹ́ parí. Ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ tẹ́tí sí. Bó bá gbà á, ẹ óò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yin ara wọn. Bí kò bá gbà á, ẹ óò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pẹ̀tù sí i lọ́kàn. “Well done if you got that right”, àwa olùgbọ́ ni wọ́n ń sọ ìyẹn fún. Ohùn tí wọ́n fi ń sọ ọ́ ló ṣe pàtàkì. “Good for you” lè jẹ́ ìkíni tó tọkàn wá, ó sì lè jẹ́ èébú bí èèyàn bá fi imú sọ ọ́. Etí nìkan ló lè fi ìyàtọ̀ yẹn hàn yín.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá jókòó sórí àga, ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wà níwájú wọn. Ọ̀pá yẹn ni ọwọ́ wọn máa ń kọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ apá àga ló yẹ kí wọ́n fọwọ́ tì dìde, kí ọ̀pá má baà yẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Mi ò ní jágbe mọ́ wọn. “Hands on the chair first. That's it. Take your time.” Bí ìdí wọn bá ti kúrò lórí àga: “Nearly there.” Bí wọ́n bá dúró tán: “You're standing straighter than yesterday.” Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń mú wọn rẹ́rìn-ín, torí ohun tí wọ́n ṣe gan-an ni mo dárúkọ.

Níbi iṣẹ́ kan, mo gbọ́ tí wọ́n pe ìyá ẹni 80 ọdún ní “good girl” nítorí pé ìyá náà gbé oògùn mì. Ó dùn mí dọ́kàn. Òótọ́ ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ò ní “ẹ” táa fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní ká máa bá ìyá ọlọ́mọ sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọwọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti Nàìjíríà, ẹ fiyè sí “Well done”. Nílé, a máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, a fi ń kí i kú iṣẹ́ ni. Níbí, ó dìgbà téèyàn bá ṣe nǹkan yọrí. “More grease to your elbow” tí a máa ń fi parí lẹ́tà, ọ̀pọ̀ èèyàn ibí ò mọ̀ ọ́n. Bí ará Yorkshire, agbègbè tí Leeds wà, bá sì wo iṣẹ́ yín, tó ní “Not bad, that”, ẹ má jẹ́ kó bà yín nínú jẹ́. Ó yìn yín dáadáa nìyẹn.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún BBC Learning English. Ohun tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni, kò lè gbọ́ ohùn yín kó sì tún un ṣe. Èmi máa ń gba ohùn ara mi sórí fóònù, màá wá gbọ́ ọ pọ̀ mọ́ tiwọn. Bákan náà, àwọn gbólóhùn kan nínú The English We Speak jẹ́ ti àwọn ọ̀dọ́, ẹ má gbé wọn lọ síwájú àgbà. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá yá jù fún yín, ẹ kọ́kọ́ ka èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ. Wi-Fi ilé ni mo fi ń wà á sórí fóònù, nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń gbọ́ ọ.