Ẹ ṣọ́ra fún búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ti fá ẹnu ihò rẹ̀: ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń ra ẹ́ńjìnnì tọ́kúnbọ̀ l'Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin onímọ́tò, gbogbo ẹ̀yin tó ń ra àbọ̀ ẹ́ńjìnnì tàbí búlọ́ọ̀kù tọ́kúnbọ̀ (ara irin ẹ́ńjìnnì tí ihò sìlíńdà wà nínú rẹ̀) l'Abẹ́òkúta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó kówó sílẹ̀. Ẹnì kan wà nílùú wa tó ń ta búlọ́ọ̀kù tó ti jẹ (tí inú ihò rẹ̀ ti gbó) fún àwọn èèyàn pé kò tíì jẹ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Bí mo bá tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀, kì í ṣe òun nìkan ló mọ ọgbọ́n náà, ọgbọ́n náà ló yẹ kí ẹ mọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe rìbọ́ọ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ ihò tó ti jẹ kó lè tún rí bákan náà, ni mo ti ń jẹun. Búlọ́ọ̀kù tó bá ti dá wàhálà sílẹ̀ tán ni wọ́n ń gbé wá bá wa. Ẹ lè ní ṣebí èrè tiwa nìyẹn. Òótọ́ ni, à ń rí owó níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ mẹkáníìkì bá ń sunkún níwájú èèyàn nítorí owó oníbàárà tó ti ná tán, owó yẹn kì í dùn ún gbà.

Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ búlọ́ọ̀kù wò lọ́jà. Ẹ óò ti èékánná bọ inú ihò sìlíńdà, ẹ óò máa fà á bọ̀ lókè díẹ̀díẹ̀. Bí èékánná bá kọ́ nǹkan kó tó dé ẹnu ihò, rìjì nìyẹn, ètè irin tó yọ sẹ́nu ihò, ihò ti jẹ. Bó bá yọ̀ gẹ̀rẹ̀rẹ̀ jáde, inú yín á dùn, ẹ óò ní, "Ọ̀gá, èyí ṣì mọ́." Àyẹ̀wò yẹn gan-an ni ọkùnrin yìí fi ń mú wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí rìjì ṣe ń yọ. Písítìn ni irin tó ń lọ sókè sódò nínú ihò, ríìngì sì ni òrùka irin tí ẹnu rẹ̀ kò pàdé, tó wà lára písítìn. Ríìngì òkè kì í gòkè dé ẹnu ihò. Ó níbi tó ń dé, á dúró, á sì padà sísàlẹ̀. Irin tó wà lókè ibẹ̀ kò rí ríìngì tó fara kàn án, nítorí náà bí wọ́n ṣe ṣe é nílé iṣẹ́ ló ṣe wà. Ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀ gan-an, níbi tí ríìngì ti ń yí padà, ibẹ̀ ló gbóná jù, ibẹ̀ ni iná tó ń bú nínú sìlíńdà ti ń ti ríìngì mọ́ ògiri jù, ibẹ̀ náà ni ọ́ìlì ti ṣọ̀wọ́n jù. Ibẹ̀ ló ń jẹ jù. Ìsàlẹ̀ pátápátá kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ. Tó bá pẹ́, ihò tó yẹ kó rí bákan náà látòkè délẹ̀ á wá fẹ̀ lókè, á há nísàlẹ̀ bíi ife, irin tí kò jẹ yẹn á sì yọ ètè sẹ́nu ihò.

Irinṣẹ́ ọwọ́ kan wà tí wọ́n fi ń fá ètè yẹn kúrò, rìjì rímà là ń pè é. Irinṣẹ́ gidi ni o, ẹ má jẹ́ ká bà á lórúkọ jẹ́. Ẹ óò fi í sẹ́nu ihò, apá rẹ̀ á ti ara ògiri kó má baà yẹ̀, ọ̀bẹ líle kékeré á jókòó sára rìjì, ẹ óò wá fi sípánà yí i sọ́wọ́ ọ̀tún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò bèèrè iná NEPA, kò bèèrè ẹ̀rọ ńlá. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í ti písítìn jáde látòkè láì kọ́kọ́ fá rìjì, torí ríìngì á kọ́ ọ, ibi tí ríìngì ń jókòó sí lára písítìn á fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ríìngì tuntun: etí rẹ̀ ṣì mú, kò tíì yí bíi ti àtijọ́, bó bá ti ń gbá rìjì, yóò ṣẹ́. Nítorí náà, fífá rìjì wà lára iṣẹ́. Ohun tí rímà kò lè ṣe láéláé ni kó dá irin tó ti jẹ lábẹ́ rẹ̀ padà.

Ibẹ̀ ni wàyó gbà wọlé. Ọkùnrin yìí ń tú búlọ́ọ̀kù tó ti gbó, ó ń fá rìjì rẹ̀, ó ń fi sánpépà ha inú ihò títí yóò fi dán, ó ń fi ọ́ìlì pa á, ó ń fọ́n ọ̀dà fàdákà sí i lára, ó di "dáírẹ́ẹ̀tì Bẹ́ljíọ̀mù", bí ẹni pé tààrà láti òkèèrè ló ti dé. Ẹ wá ti èékánná bọ̀ ọ́. Kò kọ́ nǹkan kan. Àmì tó yẹ kó sọ fún yín pé ihò ti jẹ, ó ti gé e kúrò, ìjẹ náà sì wà níbẹ̀ digbí.

Ọmọ mẹkáníìkì kan láti Ọbántókó ló gbé ọ̀kan wá bá wa. Ẹ́ńjìnnì Toyota Camry Orobo ni, ti lítà 2.2, tí ihò rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 87. Ó ti ki ríìngì tuntun sí i, ó ti dì í, ó ti gbowó iṣẹ́. Ọkọ̀ ò tíì dé Ṣíún lójú ọ̀nà Ṣàgámù tí èéfín búlúù ti ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò kìíní, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Lẹ́nu ihò lókè, irin ibẹ̀ ń dán yàtọ̀ sí ìyókù, àmì ọ̀bẹ yí i po, ẹnu ihò náà sì ti dà síta ju bó ṣe yẹ lọ. Ihò kẹta ló burú jù. Ìlànà irinṣẹ́ yẹn ni pé ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ wọ ibi tí ríìngì ń rìn ju nǹkan bíi mílímítà 0.8 lọ, ìyẹn ìdá kan nínú méjìlélọ́gbọ̀n íǹṣì. Ẹni tó fá èyí kò bìkítà. Ó ti gbẹ́ ìsàlẹ̀ débi pé mo fi ìka kan àpá rẹ̀, ríìngì òkè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sì ti ṣẹ́ sí méjì níbẹ̀.

A wá wọ̀n ọ́n. Èyí ni kí ẹ fi sọ́kàn jù, torí kò gba bọ́ọ̀ géèjì olówó ńlá tí wọ́n fi ń wọn inú ihò. Fíílà géèjì, àwọn irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí ẹ fi ń wọn àlàfo fáàfù, náà tó. Ẹ mú ríìngì òkè tuntun kan tó bá ẹ́ńjìnnì yẹn mu, ẹ fi òun nìkan sínú ihò, láìsí písítìn. Ẹ fi orí písítìn tì í lọ sísàlẹ̀, kí ó jókòó tẹ́jú, kó má dagun. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Ẹ tún fà á wá sókè, sí ibi tí ríìngì ti ń yí padà, lábẹ́ ibi tí ẹ bá ti rí àmì ọ̀bẹ, ẹ tún un wọ̀n. Ẹ yọ tìsàlẹ̀ kúrò nínú tòkè, ẹ wá pín èyí tó kù sí 3.14. Ohun tó bá jáde ni ìwọ̀n tí ihò fi fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Ti Ọbántókó yẹn, mílímítà 0.35 nísàlẹ̀, mílímítà 1.00 lókè. Ó ku 0.65. Pín in sí 3.14, ó lé díẹ̀ ní mílímítà 0.20.

0.20 lè dà bí nǹkan kékeré lójú ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta nínú ìṣẹ́jú kan, ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni ríìngì yóò gòkè láàárín ìṣẹ́jú náà, á ṣí lókè, á pa dé nísàlẹ̀. Kò lè dí i dáadáa. Ọ́ìlì á gòkè, iná á sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì. A ò lè fi òfásáìsì 0.25 (písítìn tó fi mílímítà 0.25 tóbi ju ti àtijọ́ lọ) ṣe é, nítorí ihò kì í jẹ yípo bákan náà, ẹ̀gbẹ́ kan máa ń jẹ ju èkejì lọ, 0.25 ò ní kó gbogbo àpá náà tán. 0.50 la bá a lọ. Owó rìbọ́ọ̀, písítìn mẹ́rin, ríìngì, gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù (tọ́ọ̀pù ni irin tó dé orí búlọ́ọ̀kù) lẹ́ẹ̀kejì: ó ju owó tó fi ra búlọ́ọ̀kù lọ.

Bí ẹ ò bá ní fíílà lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ lọ ra ọjà, ẹ lo ojú yín. Ẹ́ńjìnnì tó ti rìn nílẹ̀ òkèèrè máa ń ní ìlà èédú dúdú yípo lẹ́nu ihò, níbi tí ríìngì ò dé. Bí ẹnu ihò bá wá mọ́ ju inú lọ, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé kí ló ṣe níbẹ̀. Àwọn olódodo náà máa ń fọ èédú o, kì í ṣe gbogbo ibi tó mọ́ ni wàyó, ṣùgbọ́n olódodo á sọ fún yín, á sì jẹ́ kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ tún wo àwọn ìlà tó dábùú ara wọn tí ilé iṣẹ́ ń fi sínú ihò. Bó bá ṣì hàn ketekete nísàlẹ̀ tó sì ti pa rẹ́ lókè, ihò ti jẹ. Ti sánpépà kì í rí bẹ́ẹ̀, rúdurùdu ló máa ń rí. (Ẹ̀yin tó ṣì ń gun Peugeot 504, tiyín yàtọ̀: sílíìfù inú rẹ̀, ìyẹn irin tó jẹ́ ògiri ihò, ṣeé yọ, ẹ ra tuntun pẹ̀lú písítìn rẹ̀, ẹ má bá rímà jà.)

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin yìí kò yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí tọ́ọ̀pù bá wà lórí, á ní ẹni tó bá tú u ti rà á. Bí ẹ bá yọ fíílà, á ní ọjà òun kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wọ̀n. Kò ní kọ rìsíìtì, tó bá sì kọ ọ́, "ẹ́ńjìnnì kan" ló máa kọ, kò ní kọ nọ́ńbà ara búlọ́ọ̀kù. Ẹ ní kó kọ nọ́ńbà yẹn, kó kọ ọ́ pẹ̀lú pé sìlíńdà kò tíì jẹ. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ẹ́ńjìnnì kò tán ní ọjà Ládìpọ̀ l'Ékòó. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "a kì í dá ọjà padà" dẹ́rù bà yín. Òfin ọdún 2018 tí FCCPC (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà) ń lò, ó fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà.

Ẹ̀yin tó ti ra tiyín, tí ẹ ò tíì ki ríìngì sí i, ẹ wọ̀n ọ́n lónìí. Bó bá ti ń rú èéfín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún ta ríìngì mìíràn fún yín. Kí ẹ sì tó gbé e padà lọ, ẹ ya fọ́tò ẹnu ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù hàn nínú rẹ̀, kí ẹ ya á níwájú ẹlẹ́rìí. Torí ohun tí ọkùnrin tó tà á sọ fún ọmọ Ọbántókó nìyí: "Ìwọ lo fá a, kì í ṣe èmi."