Òrí tí mo rà lọ́jà Kabba: yíyún ti lọ, àmọ́ ẹ gbọ́ ìyókù

Òrí ni mo ní o, kì í ṣe orí, torí ọ̀rẹ́ mi kan tí mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí láìfi àmì sí i bi mí pé orí ta ni mo fi ń para. Òrí tí àwọn ìyá wa ń fi pa wá lára ní kékeré, tá a máa ń sá fún torí òórùn ẹ̀, òun náà ni mo padà lọ rà lọ́jà Kabba nínú oṣù kìíní, lẹ́yìn tí mo ti ná owó tí mi ò ní fẹ́ kí ọkọ mi mọ iye ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Isanlu, Mopa, Egbe, ẹ mọ bí ọyẹ́ apá ibí ṣe ń ṣe. Tó bá ti ń di ìparí oṣù kọkànlá, tí afẹ́fẹ́ Sàhárà yẹn bá ti balẹ̀, àpáta tó yí wa ká gan-an á sọnù sínú eruku, ètè á là, gìgísẹ̀ á sán débi pé á máa fa òwú bẹ́ẹ̀díṣíìtì. Tèmi wá burú ju ti gbogbo ilé lọ. Ojúgun mi máa ń funfun bí ẹni tó rìn gba inú eérú kọjá, ọmọ mi ọkùnrin fi èékánná kọ ABC sí i lọ́jọ́ kan, ó sì hàn kedere, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tó bá di alẹ́ kò sẹ́rìn-ín mọ́, màá máa họ ọ́ títí tí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ.

Kẹ́míìsì kan (ẹ má bi mí léyìí tó jẹ́) tà mí ní kírímù kékeré kan, wọ́n ní kò sóhun tí kì í wò. Ọjọ́ mẹ́ta péré yíyún ti lọ, mo yin Ọlọ́run. Mo dá a dúró, yíyún padà tìbínútìbínú. Mo tún rà á. Ìkẹrin ni mo wà nígbà tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì, àbúrò ọkọ mi, gba páálí ẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó ní, "Ìyàwó wa, clobetasol ló wà nínú ibí yìí, oògùn steroid tó ń mú yíyún rọlẹ̀ ni, ó sì le gan-an, dókítà lè ní kéèyàn lò ó fúngbà díẹ̀, ẹ wá sọ ọ́ di ìpara. Á kàn máa mú awọ ara yín fẹ́lẹ́ ni." Mo wo ojúgun mi, lóòótọ́ ibi tí mo ń pa á sí ti ń yọ funfun yàtọ̀ sí ìyókù ara mi.

Òun ló kọ́ mi lóhun tí mò ń sọ fún gbogbo èèyàn báyìí. Ó ní kí n yéé fi ọṣẹ apakòkòrò wẹ̀ láràárọ̀, kí n gbé kànrìnkàn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kí n sì yéé fi omi gbígbóná wẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ hú ìyẹ́ adìẹ, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ti tó. Tí n bá jáde ní balùwẹ̀, kí n má nura gbẹ, kí n kàn fi táwẹ̀lì tẹ ara, kí n sì fi ọ̀rá pa á nígbà tómi ṣì wà níbẹ̀, torí ọ̀rá ò lè bu omi wá fún ara, ṣe ló ń tilẹ̀kùn mọ́ èyí tó bá nílẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo ti ń para, ara gbígbẹ ni mo ń tilẹ̀kùn mọ́!

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta òrí yìí. Mo ní "Okun o, Màmá", ó dá mi lóhùn, kí n tó béèrè iye ó ti fi ṣíbí gé díẹ̀ lé ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ó ní kí n fi ìka tẹ̀ ẹ́ kí n máa kà. Mi ò tíì ka ogún tó ti ń yọ́. Mo nàka sí èyí tó pọ́n bíi pupa ẹyin nínú igbá kejì, tówó ẹ̀ ga jù, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní gbòǹgbò igi kan ni wọ́n fi pa á láró, ẹni tójú ẹ̀ fẹ́ ẹ ni kó rà á. Ibẹ̀ ni mo ti fọkàn tán an. Ọ̀nà Pategi ló ní òun ti ń kó tòun wá. Mo bi í bóyá torí ìjọba àpapọ̀ tó ní kí wọ́n yéé kó èso òrí tí wọn ò tíì fọ́ jáde nílẹ̀ wa, lóṣù kẹjọ ọdún 2025 yẹn, lowó ẹ̀ ṣe rí báyìí, ó ní òun ò mọ tìjọba, owó mọ́tò lòun mọ̀. Náírà 1,500 ni mo san fún ike kan.

Ọ̀sẹ̀ kan, mo ń sùn. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ mi tún fẹ́ kọ ABC ẹ̀, èékánná ń yọ̀.

Àmọ́ kí n má parọ́ fún yín. Òórùn ẹ̀ wà níbẹ̀ gbágbágbá, bí èéfín ààrò, á sì ba kọ́là aṣọ funfun jẹ́. Mo gbé e sínú báàgì lọ sí Lokoja, oòrùn yọ́ ọ, ó da sórí ìwé mi. Iyanrìn wà nísàlẹ̀ ike àkọ́kọ́, mo lọ bá màmá, kò bá mi jà, ó ní kí n gbé e sínú omi gbígbóná kó yọ́, kí n fi aṣọ fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ. Mo ṣe é, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó rọra dì fúnra ẹ̀ á máa ṣe hóró-hóró, fíríìjì ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Mi ò sì fi pa ojú ní tèmi. Vaseline lásán náà á ṣiṣẹ́ o, tẹ́ ẹ bá ti pa á sára tútù, kò sì rùn, òrí ni mo kàn fẹ́ràn jù.

Kò sì wo nǹkan kan sàn tán. Ọjọ́ mẹ́rin tí mi ò fi para ní Lokoja, yíyún ti ń kan ìlẹ̀kùn. Tó bá sì jẹ́ gbogbo ilé ló ń họra lóru, tó ń yún yín láàárín ìka ọwọ́, ìyẹn lè jẹ́ scabies, kòkòrò ni, ẹ gba ọsibítù lọ, òrí ò ní mú un.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún òrí màmá. Ike kejì ti ń tán lọ, mò ń padà lọ lọ́jọ́ Sátidé. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú ike tiyín dání, ó máa ń yọ náírà 200 kúrò.