Excel, ti ọ̀fẹ́, àbí ti olówó? Ètò gírèdì fún ẹni tó fẹ́ ra sọ́fítíwíà ilé-ìwé l'Ékìtì

Ẹni tó ní ilé-ìwé l'Ádó, n'Íkẹ́rẹ́ tàbí l'Ómùò, tí ríṣọ́ọ̀tì àfọwọ́kọ ti sú, ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Excel ni àkọ́kọ́. Èkejì ni sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣe lókè òkun, tí ilé-ìwé máa gbé sórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ṣe, tó ń gbé orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń ka orí ọmọ gbowó rẹ̀ ní táàmù-táàmù.

Gbígba owó ilé-ìwé, pípe orúkọ láàárọ̀, fífi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí òbí: ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ilé-ìwé ló ń ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tajà fi ìyẹn jẹ àkókò yín. Ètò gírèdì ni kí ẹ ní kó ṣí, torí ibẹ̀ ni owó ti ń wọlẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ máa kọ òṣùwọ̀n gírèdì, àbí ẹ̀ẹ̀kan fún iṣẹ́ (sọ́bújẹ́ẹ̀tì) kọ̀ọ̀kan?

Ilé-ìwé tó bá bẹ̀rẹ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé SS 3 kò nílò ju òṣùwọ̀n mẹ́rin lọ. Ti jẹ́lé-ó-sinmi jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, bí "ó mọ̀ ọ́n dáadáa" àti "ó ń gbìyànjú". Práímárì ń lo A dé F. JSS ní tirẹ̀. SS ń tẹ̀lé ti WAEC: A1 láti 75, B2 láti 70, B3 láti 65, C4 láti 60, C5 láti 55, C6 láti 50, D7 láti 45, E8 láti 40, F9 fún ìyókù. Sọ́fítíwíà tó bá mọ ohun tó ń ṣe á ní kí ẹ kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ àwọn kíláàsì tó ni ín. Ó parí.

Àwọn kan wà, pàápàá nínú ti ọ̀fẹ́, tó jẹ́ pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa bi yín ní òṣùwọ̀n rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi SS nìkan ṣírò rẹ̀. Kíláàsì 3, ẹ̀ka 3 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ 9 fún ẹ̀ka kan: ojú-ewé 81. Ìlà 9 lórí ojú-ewé kan: ìlà 729 tí ẹnì kan máa jókòó tẹ̀. Bí ilé-ìwé bá wá fẹ́ kúrò ní 40 fún tẹ́ẹ̀sì àti 60 fún ìdánwò, kó bọ́ sí 30 àti 70, àwọn sọ́fítíwíà yìí máa ń ní kí ẹ tún gba ojú-ewé 81 náà kọjá. Ẹ fo ẹyọ kan péré, kẹ́mísìrì SS 2 á ṣì wà lórí 40, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ títí ríṣọ́ọ̀tì á fi jáde.

69.5

Èyí ló tún burú ju ìyẹn lọ. Ọmọ kan gba 28.5 nínú tẹ́ẹ̀sì, ó gba 41 nínú ìdánwò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 69.5. Sọ́fítíwíà tó bá ń béèrè ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin gírèdì á ti gba B3 sí 65 dé 69, á gba B2 sí 70 dé 74. Ibo ni 69.5 wà? Kò sí níbì kankan. Òmíràn á fi àyè gírèdì sílẹ̀ lófìfo, òmíràn á tẹ F9. Bí irú sọ́fítíwíà tó ní àpótí ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin yìí bá ti wọ ilé yín, ẹ kọ òpin B3 sí 69.99, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìlà. Bí kò bá gba ẹ̀sún (ìdá tó ń tẹ̀lé àmì tó-tó, bí .5 tàbí .99), ẹ fi òfin de àwọn tíṣà pé kí wọ́n má ṣe fúnni ní ààbọ̀ máàkì mọ́.

Excel ju wọ́n lọ níhìn-ín. VLOOKUP, fọ́múlà tó ń wá gírèdì máàkì lórí tábìlì, tí ẹ bá fi TRUE parí rẹ̀, kò béèrè ju ìbẹ̀rẹ̀ gírèdì lọ: 0 fún F9, 40 fún E8, ẹ máa gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé 75. 69.5 á bọ́ sí B3 láìsí ariwo. Ohun méjì ló ń bà á jẹ́. Bí ẹ bá to tábìlì náà láti 75 wá sísàlẹ̀, ìranù ló máa gbé jáde. Bí ẹ bá sì fi ẹ̀sún pamọ́ lójú ìwé, 69.5 á hàn bí 70, gírèdì rẹ̀ á ṣì jẹ́ B3. Òbí Èkìtì kì í wo ríṣọ́ọ̀tì lójú fífò. Bó bá rí 70 tó jẹ́ B3 lórí ìwé ọmọ tirẹ̀, tó jẹ́ B2 lórí ti ọmọ ará ilé kejì, ilẹ̀ ò ní ṣú kó tó dé ọ́fíìsì ọ̀gá ti òun ti kakulétọ̀. Ẹ fi ROUND, fọ́múlà tó ń sọ ẹ̀sún di odidi nọ́ńbà, yí àpapọ̀ náà kí VLOOKUP tó fọwọ́ kàn án.

Nínú ti olówó, ẹ wá èyí tó ń béèrè ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, tó sì jẹ́ kí ẹ yan bó ṣe máa yí ẹ̀sún. Wọ́n wà.

Táàmù kẹta

Ọmọ tó wọlé ní táàmù kejì gba 62, ó gba 68 ní táàmù kẹta. Ìpíndọ́gba ọdún rẹ̀: 130 pín sí 2 jẹ́ 65, B3. Sọ́fítíwíà tó bá ń pín gbogbo ọmọ sí 3 á fún un ní 43.3, E8. Ọmọ tó yẹ kó gòkè á wá jókòó sí kíláàsì àná. AVERAGE inú Excel mọ èyí ṣe, torí kì í ka àyè òfìfo. Ṣùgbọ́n tíṣà tó bá tẹ 0 fún ọmọ tí kò sí nílé-ìwé ti da gbogbo rẹ̀ rú. Ẹ béèrè bóyá sọ́fítíwíà náà ní àmì fún ọmọ tí kò ṣe ìdánwò, èyí tó yàtọ̀ sí 0. Àwọn tí wọ́n ṣe fún ilé-ìwé Amẹ́ríkà tún ń ro GPA, ìpíndọ́gba gírèdì, lórí 4.0, ohun tí òbí kankan níbí kò bèèrè.

Kí àwọn tó ń tajà tẹ ríṣọ́ọ̀tì táàmù tó kọjá jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yí òṣùwọ̀n padà. Bí gírèdì àtijọ́ bá yí tẹ̀lé e, ẹ dìde, ẹ má rà á.

Ìyókù

Ipò: fún SS, kó máa lo ìpíndọ́gba. Ọmọ tó ṣe iṣẹ́ 9 tó ní 60 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 540, ẹni tó ṣe 8 tó ní 66 ní 528, bẹ́ẹ̀ ìkejì ló mọ̀wé jù.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì: kí tíṣà lè gba ṣíìtì máàkì sílẹ̀, kó kún un nílé láìsí dátà, kó gbé e padà nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé.

Owó: ká ní 500 náírà ni lórí ọmọ kan, ọmọ 240 á jẹ́ 120,000 ní táàmù kan. Ti ọ̀fẹ́ náà ń jẹ owó kọ̀ǹpútà, bátìrì àti ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n: kọ́pà ló sábà máa ń ṣe Excel àti ti ọ̀fẹ́ fún ilé-ìwé. Ọdún kan ni kọ́pà ń lò. Ọ̀rọ̀ aṣínà máa ń bá a wọ mọ́tò.

Ta ni kó ra èwo?

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó yẹ. Excel tó fún práímárì kékeré tí ọmọ rẹ̀ kò pé 100, bí ẹni tó kọ ọ́ bá jẹ́ tíṣà tí kò lọ síbì kankan. Ti ọ̀fẹ́ yẹ ilé-ìwé tó ń sanwó oṣù fún ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà dénú, tó sì lè fara da ojú-ewé 81. Ti olówó yẹ ẹni tó ní práímárì àti sẹ́kọ́ńdìrì pọ̀, ẹni tí kọ́pà rẹ̀ ń yí lọ́dọọdún, ẹni tí tíṣà rẹ̀ ń fi fóònù ṣiṣẹ́, àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ 69.5 mọ́.

Ẹ má san ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣá. Ẹ san táàmù kan fún JSS 1 àti SS 1, kí ẹ máa ṣe Excel lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi àpapọ̀ méjèèjì wé ara wọn kí ríṣọ́ọ̀tì tó kúrò nílé-ìwé. Kí ẹ tó san táàmù kejì, ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo máàkì yín fún yín nínú fáìlì Excel. Bí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ má san án.