Báàjì "REPEAL" tí mo rà ní Chicago

Ọwọ́ ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta ẹ̀dà nǹkan àtijọ́ ni mo ti rà á, dọ́là 14. Irú báàjì tí àwọn tó ń jà kí Amẹ́ríkà fagi lé òfin tó ka ọtí léèwọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ àyà ni. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán, lẹ́tà rẹ̀ hàn ketekete. Píìnì ẹ̀yìn rẹ̀ ni ò dáa: kì í dì mọ́ aṣọ rárá.

Àmọ́ ìwé pélébé tó bá a wá, wọ́n gbìyànjú! Ẹni tó bá rò pé àwọn ọ̀mùtí nìkan ló ja ìjà yẹn, kó lọ kà nípa Pauline Sabin, obìnrin kan tó wà lára àwọn tó ṣáájú ìjà náà. Nítorí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ló ṣe kọ́kọ́ fara mọ́ òfin náà. Nígbà tó rí i pé ọtí ò kúrò nílẹ̀, tí àwọn oníjàǹdùkú sì ń fi í kówó jẹ, ó yíhùn padà, ó sì kó àwọn obìnrin jọ ní 1929, ní Chicago níbí gan-an. Nígbà tí Utah, ìpínlẹ̀ kẹrìndínlógójì tó mú kí iye tó yẹ pé, fọwọ́ sí fífagi lé òfin náà lọ́jọ́ 5, oṣù Kejìlá, 1933, òfin náà kógbá wọlé.

Ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ tètè pààrọ̀ píìnì yẹn.