Ìràwọ̀ irin alápá márùn-ún tí wẹ́dà Ìjẹ̀bú-Òde jó fún mi

Ó ti sú mi kí n máa ta kànnàkànnà sí agolo tó dúró sójú kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bá wẹ́dà kan lọ́nà Ìbàdàn, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, pé kó jó irú irin tí àwọn tó ń fi ìbọn díje ní Amẹ́ríkà ń pè ní Texas Star. Apá márùn-ún ló ní lórí ìdí kan tó ń yí, àwo irin roboto kan sì wà lórí apá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti ta ọ̀kan jábọ́, ìwọ̀n dà nìyẹn, ìyókù á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kò sí mọ́tò, kò sí bátìrì.

Tiwọn tóbi. Àwo tèmi kò ju ẹnu agolo mílíìkì lọ, torí amọ̀ tí mo rọ roboto tí mo sì sá gbẹ ni mò ń ta sí i. Nínú òfin IPSC, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1976 fún eré ìbọn yìí, ẹni tó bá mú ìbọn ìléwọ́ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ irin ju mítà 7 lọ, nítorí àfọ́kù ọta a máa ta padà. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ni èmi ń dúró sí, a sì ń wọ awò ojú.

₦38,000 ló gbà. Ọjọ́ márùn-ún ló dá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò, torí Ojúde Ọba ti sún mọ́lé, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́wọ́ gbogbo wẹ́dà. Mi ò bá a jà.

Ìdí rẹ̀ ló wú mi lórí jù: họ́ọ̀bù ọ̀kadà àlòkù. Ẹ fi ọmọ ìka kàn án báyìí, á máa yí, á máa yí, kò ní dún rárá. Òòfà inú sípíkà tó ti bàjẹ́ ló fi di àwọn àwo náà mú.

Àmọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, apá kan ṣáà ń wálẹ̀ kí n tó ta ohunkóhun. Ó sì yẹ kó dúró síbikíbi tí mo bá yí i sí. Mo kó àwo márààrún sórí ìwọ̀n tí àbúrò mi fi ń wọn fúláwà kéèkì. Mẹ́rin wà láàárín gíráàmù 101 sí 106. Ìkarùn-ún jẹ́ 131! Ojú lásán ló fi gé e. Géètì ò ní í mọ ìyẹn lára, ṣùgbọ́n ìwọ̀n gan-an ni eré yìí. Mo gbé e padà, ó fi fáìlì rẹ́ ẹ dé 104, kò gba kọ́bọ̀. Òòfà kan tún le jù, àwo rẹ̀ ò fẹ́ jábọ́. Mo gé tíúbù kẹ̀kẹ́ pẹlẹbẹ lé e, ó tán.

Ẹ kọ́kọ́ ta tòkè pátápátá. Ìwọ̀n tó kù wà nísàlẹ̀, kò ní fẹ́ẹ̀ mì. Ìkejì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá ku ẹyọ kan, á máa fì bí jangírọ́fà, ọwọ́ á sì fẹ́ máa lé e kiri. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 11, ló kọ́kọ́ rí i: “Bọ̀ọ̀dá, ẹ dúró dè é lókè ibi tó ti ń yí padà.” Òótọ́ ni, ó máa ń dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Mo ti san owó ìràwọ̀ mìíràn tí wẹ́dà máa jó fún ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ṣàgámù. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbé ìwọ̀n kéèkì náà lọ bá wẹ́dà ní ṣọ́ọ̀bù.