Ṣáàtì A-B-D ọjà Àkúrẹ́: ẹ ka lẹ́tà rẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Lẹ́tà 26 ló wà lórí ṣáàtì yìí. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, torí 25 ni lẹ́tà Yorùbá.

Irú èyí tí wọ́n fi nọ́ílọ̀n bò ni, tí àwọn tó ń ta ìwé máa ń so kọ́ iwájú ìsọ̀ ládùúgbò Ọjà Ọba. Nọ́ílọ̀n rẹ̀ nípọn, omi ò wọ̀ ọ́, ọmọ ò lè tètè fà á ya. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni wàhálà. C àti Z jókòó síbẹ̀ pẹ̀sẹ̀, Gb ò sí. Páànù ni wọ́n yà sábẹ́ Z, wọ́n wá kọ "zinc" sí i! Ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé síwájú wò kọ. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀ lọ́dún 1970, tí wọ́n ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ, ìwé tiwọn ni wọ́n jókòó kọ. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní gbogbo ọdún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Èyí tó wù kí wọ́n mú, ọmọ tó ń kọ́ Yorùbá ní kíláàsì ò gbọdọ̀ bá Z pàdé níbẹ̀.

Gb tí wọ́n yọ kì í ṣe g àti b tó fara kanra. Ìró kan ṣoṣo ni, ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ló jọ ń pè é. Ọmọ tí kò rí i lórí ṣáàtì á máa wá g lọ́tọ̀, b lọ́tọ̀ nínú "gbogbo", ọ̀rọ̀ á sì dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni p inú "pẹ́pẹ́yẹ": kí olùkọ́ má fi ètè nìkan pè é bíi ti "pencil".

Ẹjọ́ U yàtọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò tó fi u bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n bá ya agbòòrùn, wọ́n kọ "umbrella". Iṣu ì bá dáa jù, kí wọ́n kun u tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ mìíràn. Ọmọ Àkúrẹ́ tilẹ̀ ní u yìí níwájú ọ̀rọ̀ láti ilé: "ulé" ni àwọn àgbà ń pe ilé. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ pe tilé, kí ẹ tó fi ti inú ìwé hàn án.

Íńkì pupa ni wọ́n fi tẹ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà. Ó hàn dáadáa, àmọ́ pupa wà lára ohun tí oòrùn ń tètè mú ṣí. Lọ́jọ́ tó bá ṣí, "ọkọ" ti di "oko" nìyẹn. Ẹ má gbé e kọ́ ibi tí oòrùn ọ̀sán ń bà. Ẹ fi máákà dúdú tí kì í parẹ́ tún àmì wọ̀nyẹn tẹ̀. Bí ọwọ́ bá ṣì, òwú tí a fi sípíríìtì rẹ á nù ún kúrò lára nọ́ílọ̀n. Nínú "kẹ̀kẹ́", àmì orí ti fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kọ̀ǹpútà ló fà á: ẹ́ kò ní kóòdù tirẹ̀ bíi lẹ́tà kan, ńṣe ni wọ́n ń gbé àmì orí lé ẹ, fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n tò á sì gbé e síbi tó wù ú.

Ẹ̀yìn ṣáàtì ló tó owó rẹ̀. Wọ́n to kọ́ńsónáǹtì sísàlẹ̀, fáwẹ̀lì 7 sókè: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Kọ́ńsónáǹtì 18 yẹ kó fún wa ní 126. Tiwọn jẹ́ 119, Gb náà ló tún dín in kù. Ìlà kan lóòjọ́ tó. Ẹ kà á ní dò, ẹ kà á ní re, ẹ kà á ní mí, kí ẹ wá so ìlà méjì pọ̀: ba, ta, bàtà. Ọ̀rọ̀ wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń tètè mọ̀ ọ́n. Fáwẹ̀lì aránmúpè, èyí tí a ń gba imú pè, ni ẹ máa fúnra yín kọ sétí rẹ̀: an, ẹn, in, ọn, un. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pé "ìtàn" àti "ibọn" fi ìró kan náà parí. Lẹ́yìn b, f, gb, p àti w la ti ń kọ ọn, lẹ́yìn ìyókù la ti ń kọ an.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí i padà, ẹ wo abẹ́ ìlà g. Bí gba, gbe, gbẹ kò bá tẹ̀lé e, ẹ bèèrè òmíràn. Bí kò bá sí, ẹ ná an wálẹ̀, torí ẹ ṣì máa ra máákà.